Ṣé Èdè Ṣáínà Ni Àwọn Ará Fiẹtnám Ń Sọ? Ẹ Jẹ́ Ká Tú U Wò

Ọ̀rọ̀ bàtà ló fà á o. Mo ra kánfáàsì kan lọ́jà lóṣù tó kọjá, ẹni tó tà á fún mi búra pé ojúlówó Ṣáínà ni. Mo délé, mo yí páálí ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, mo rí i tí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà: Sản xuất tại Việt Nam. Mo ya fọ́tò ẹ̀, mo jù ú sórí WhatsApp ẹbí wa, mo ní ta ló lè ka èyí. N ò mọ̀ pé ìjà ni mo dá sílẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin ní èdè Ṣáínà ni, wọ́n kàn fi lẹ́tà òyìnbó kọ ọ́ ni kó lè rọrùn fún àwa oníbàárà. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ní irọ́ ni, àmì tó wà lórí ẹ̀ yẹn jọ ti Yorùbá, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ọmọ Yorùbá kan ló ń bá wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àǹtí wa tó wà ní London ló wá pa gbogbo wa lẹ́nu mọ́, wọ́n ní Ṣáínà o, Fiẹtnám o, Kòríà o, ìkan náà ni gbogbo wọn, ẹ jẹ́ káwọn sùn.

Ìkan náà kọ́ ni wọ́n, Àǹtí, ẹ má bínú. Àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí èèyàn á fi gbólóhùn kan dáhùn náà, torí tí mo bá ní èdè Fiẹtnám ò bá ti Ṣáínà tan, òótọ́ ni mo sọ, tí ẹlòmíì bá sì ní gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lára páálí yẹn, látorí èyí àkọ́kọ́ dé orí èyí tó kẹ́yìn, Ṣáínà ni wọ́n ti wá, òótọ́ lòun náà sọ. Bí òótọ́ méjèèjì ṣe lè jókòó pọ̀ láìjà ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Kí là ń pè ní "èdè Ṣáínà" gan-an?

Èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ní lọ́kàn ni Mandarin, ìyẹn èdè tí ìjọba wọn ń lò, tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ níléèwé, tí wọ́n fi ń ka ìròyìn. Pǔtōnghuà làwọn fúnra wọn ń pè é, bí ẹni sọ pé èdè gbogboogbò. Àwọn tó jẹ́ pé òun ni èdè àbínibí wọn lé ní 900 mílíọ̀nù. Àmọ́ ẹni tó bá dé Guangzhou tàbí Hong Kong, Cantonese ló máa gbọ́, tó bá dé Shanghai ó máa gbọ́ Wu, Hokkien wà níhà Fujian àti Taiwan, Hakka náà ò gbẹ́yìn. Ìjọba ní ẹ̀ka èdè kan ṣoṣo ni gbogbo wọn. Ó dáa, kò burú. Àmọ́ ẹ mú ará Beijing tí ò dé Guangzhou rí, kí àwọn èèyàn máa sọ Cantonese lójú ẹ̀, ẹ máa rí i tó máa dúró bíi ère. Kì í ṣe irú ti Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ tá a máa ń fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́. Ó sún mọ́ bí ọmọ Yorùbá ṣe ń gbọ́ Ìgalà, a mọ̀ pé ẹbí ni wá, ọ̀rọ̀ kan á ta sí wa létí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àmọ́ a ò lè dá sí i.

Ẹ fi Cantonese yẹn sọ́kàn o, ó ń bọ̀ wá wúlò.

Ti Fiẹtnám rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹyọ èdè kan ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu ará Hanoi lókè àti ẹnu ará Ho Chi Minh City nísàlẹ̀ (ìlú tí ọ̀pọ̀ ṣì ń pè ní Saigon) yàtọ̀ síra, wọ́n ń gbọ́ ara wọn. Ẹ̀yà 54 ni ìjọba wọn kà nínú ìlú náà, àwọn mìíràn sì ní èdè tiwọn, àmọ́ èdè Fiẹtnám ni gbogbo wọn fi ń bára wọn sọ̀rọ̀.

Ṣé mọ̀lẹ́bí ni èdè méjèèjì?

Rárá o. Èdè máa ń ní ìdílé bí èèyàn ṣe ní in. Yorùbá, Ìgalà àti Ìtsẹkírì, ilé kan náà ni wọ́n ti jáde. Hausa tó wà nítòsí wa níbí, ilé tiẹ̀ jìnnà, Lárúbáwá ni mọ̀lẹ́bí ẹ̀. Ẹ ò rí i pé kéèyàn máa gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnì kan ò sọ pé ọmọ ìyá ni wọ́n.

Bó ṣe rí lọ́hùn-ún náà nìyẹn. Àwọn ẹbí èdè Ṣáínà wà lápá òkè, níhà Tibet àti Burma. Ẹbí èdè Fiẹtnám wà lápá ìsàlẹ̀, nínú igbó àti létí odò: èdè Mường tí wọ́n ń sọ lórí òkè nínú Fiẹtnám níbẹ̀, èdè Khmer ti Kàmbódíà, àti èdè Mon. Ẹ má wò ó pé ará Kàmbódíà ń kọ tiẹ̀ ní lẹ́tà róbótó-róbótó tó jọ ti ará Íńdíà, lẹ́tà ò sọ ẹbí, aṣọ lásán ni.

Báwo la ṣe mọ̀? Ibi tí èèyàn máa ń yẹ̀ wò ni àwọn ọ̀rọ̀ tí kò sẹ́ni tó ń lọ yá lọ́wọ́ aládùúgbò, bí i ọwọ́, ọmọ, òǹkà kéékèèké. Ẹ wo mẹ́ta nínú òǹkà wọn: Fiẹtnám ń pe ení, ẹ̀ta, ẹ̀rin ní một, ba, bốn. Khmer ní muoy, bei, buon. Mandarin ní yī, sān, sì. (Èjì àti àrún ti yí padà ju ohun tí ojú lásán lè rí lọ, mo fo wọ́n.) Ọwọ́ ni tay ní Fiẹtnám, dai ní Khmer, shǒu ní Mandarin. Ọmọ ni con ní Fiẹtnám, koun ní Khmer, háizi ní Mandarin. Ẹ̀yin náà ẹ dájọ́, ta lọmọ ìyá ta?

Kí ló wá dé tí wọ́n fi jọra tó bẹ́ẹ̀?

Ẹgbẹ̀rún ọdún ló fà á. Ní ọdún 111 ṣáájú ìbí Kristi, ọba Han ti Ṣáínà kó ogun wá, ó gba apá òkè ilẹ̀ tá à ń pè ní Fiẹtnám lónìí. Wọ́n jókòó síbẹ̀, ọba lọ ọba bọ̀, wọ́n ń gba owó orí, wọ́n ń fi èdè wọn kọ ìwé, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ìjòyè ní ẹ̀kọ́ Kọnfúsíọ̀sì. Àwọn ará ibẹ̀ ṣọ̀tẹ̀ láìmọye ìgbà. Ọdún 938 ló tó bọ́ sí i. Ọ̀gágun kan tó ń jẹ́ Ngô Quyền ní kí wọ́n ri òpó igi tí wọ́n fi irin bọ̀ lórí mọ́ inú odò Bạch Đằng. Nígbà tí omi òkun kún, òpó ò hàn, ọkọ̀ ogun Ṣáínà wọlé wá. Nígbà tí omi fà, gbogbo òpó yọrí, ó gún ọkọ̀ lábẹ́, eré parí.

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé lẹ́yìn tí wọ́n lé wọn lọ tán, ìgbà yẹn ni wọ́n tún wá ń lo ìwé Ṣáínà dáadáa. Wọ́n kọ́ Tẹ́ḿpìlì Ìwé sí Hanoi ní 1070, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ìjọba ní 1075, èdè Ṣáínà àwọn àgbà ni wọ́n fi ń ṣe é, ìdánwò yẹn ò sì dáwọ́ dúró pátápátá títí di 1919. Ẹ ronú ẹ̀ wò: ẹni tó bá fẹ́ di èèyàn ńlá, tó fẹ́ jẹ oyè lọ́dọ̀ ọba, ó di dandan kó mọ ìwé Ṣáínà. Kì í ṣe ohun tuntun sí wa, àwa tá à ń fi Gẹ̀ẹ́sì wá iṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè tí òyìnbó ti kúrò láti 1960.

Bó ṣe di pé ọ̀rọ̀ Ṣáínà kún èdè wọn fọ́fọ́ nìyẹn. Àwọn kan kà á sí ìdá mẹ́ta gbogbo ọ̀rọ̀ inú èdè náà, àwọn mìíràn ní ó ju ìdajì lọ, ó kù sí irú ìwé tí èèyàn bá kà, torí ìwé òfin àti ìròyìn á kún fún un, ọ̀rọ̀ inú ilé ìdáná ò ní fi bẹ́ẹ̀ ní in. Àwa náà ẹ wo ara wa. Àlàáfíà, àdúrà, wákàtí, àlùbọ́sà, àlùbáríkà, gbogbo ìwọ̀nyí láti Lárúbáwá ni, púpọ̀ nínú wọn gba ọwọ́ Hausa kọjá. Ṣé ẹnì kan wá lè sọ pé Lárúbáwá ni Yorùbá torí pé Mọ́mì ní kẹ́ ẹ gé àlùbọ́sà? Iye tiwọn ló kàn pọ̀ ju tiwa lọ fíìfíì.

Ẹ jẹ́ ká padà síbi páálí bàtà

Sản xuất tại Việt Nam. "Ní Fiẹtnám ni wọ́n ti ṣe é." Ẹ jẹ́ ká já a ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Sản ni chǎn lẹ́nu ará Beijing, ó níṣe pẹ̀lú kéèyàn bí nǹkan tàbí kó mú un wá. Xuất ni chū, jáde. Tại ni zài, "ní" tiwa yìí, tá a fi ń sọ pé nǹkan wà níbì kan. Việt ni Yuè, orúkọ àwọn èèyàn náà. Nam ni nán, gúúsù. Gbogbo márààrún ni wọ́n yá! Kódà orúkọ ìlú wọn wà nínú ẹ̀. Ọba wọn kan, Gia Long, ló tiẹ̀ kọ́kọ́ ní Nam Việt lòun fẹ́, ọba Ṣáínà ò gbà, wọ́n yí i padà sí Việt Nam ní 1804.

Síbẹ̀, tẹ́ ẹ bá gbé páálí yẹn fún ará Ṣáínà, kò lè kà á. Tẹ́ ẹ bá sì kà á sí i létí, kò ní gbọ́. Tí òun bá fẹ́ kọ irú ẹ̀, Yuènán zhìzào ló máa kọ. Ẹ wò ó dáadáa, ìyẹn ti gbé orúkọ ìlú síwájú, ọ̀rọ̀ tó lò fún "ṣe" náà yàtọ̀.

Ibí yìí ni Cantonese tí mo ní kẹ́ ẹ fi sọ́kàn ti wúlò. Ará Hong Kong á pe Việt ní Jyut, á pe xuất ní ceot, ẹ gbọ́ t tó wà níparí? Mandarin ti sọ tiẹ̀ nù. Ẹ̀kọ́ ni học ní Fiẹtnám, hok ní Cantonese, xué ní Mandarin. Orílẹ̀-èdè ni quốc, gwok, guó. Nígbà tí Fiẹtnám yá àwọn ọ̀rọ̀ yìí, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn níhìn-ín sí bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ìdí wọn ṣì wà, p, t, àti k ló wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ahọ́n àwọn ará àríwá Ṣáínà wá gé e dànù. Ó dà bí ẹni tó yá ẹ̀wù ọ̀rẹ́ ẹ̀, tó ká a sínú àpótí, tí olówó ẹ̀wù sì ń wọ tiẹ̀ kiri títí apá fi já. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ bí ẹ̀wù yẹn ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n rán an, ilé ẹni tó yá a lẹ máa lọ.

Ìtumọ̀ náà máa ń rìn lọ. Bác sĩ ní Fiẹtnám ni dókítà, ẹni tó ń gún èèyàn lábẹ́rẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn kan náà, bóshì, ní Mandarin ni ẹni tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì, tó lè jẹ́ pé ìtàn ló kà, tí ò mọ bí wọ́n ṣe ń di egbò. Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni kùnnan. Ará Ṣáínà tó bá níṣòro, ó lè sọ pé òun ní kùnnan, ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí. Ìbejì ẹ̀ ní Fiẹtnám ni khốn nạn, èébú gidi ni, bí ẹni pe èèyàn ní aláìníláárí, olóríburúkú. Ẹ má rò pé wọ́n yàtọ̀ sí wa. Gẹ̀ẹ́sì fún wa ní fọ́ọ̀mù tá à ń kọ orúkọ sí, àwa la wá ní "má fọ́ọ̀mù fún mi jàre".

Ohùn ńkọ́?

Ibí yìí ló yẹ ká ti máa yangàn, torí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó bá ń kọ́ èdè méjèèjì, orí ohùn ló ti máa ń sunkún. Àwa mọ̀ ọ́n látinú oyún. Igba, igbá, ìgbà, ìgbá: lẹ́tà kan náà, òǹkà 200, korobá àtijọ́, àkókò àti ohun tá à ń fi jẹ ẹ̀pà. Dò, re, mí, ó tán.

Mandarin ní mẹ́rin, pẹ̀lú ọ̀kan tí ò lágbára tó máa ń fara pamọ́. Mā ni ìyá, má ni ewéko tí wọ́n ń fi èèpo ẹ̀ ṣe okùn, mǎ ni ẹṣin, mà ni kéèyàn bú èèyàn. Cantonese ní mẹ́fà. Fiẹtnám náà ní mẹ́fà lókè, márùn-ún nísàlẹ̀, torí àwọn ará gúúsù ti da méjì pọ̀. Ma ni iwin, mà ni "àmọ́", má ni ìyá lẹ́nu ará gúúsù, mả ni sàréè, mã ni ẹṣin (èyí tí wọ́n yá lọ́wọ́ Ṣáínà, ngựa ni wọ́n ń pe ẹṣin lójoojúmọ́), mạ ni ọmọ ìrẹsì tí wọn ò tíì lọ́.

Àmọ́ ká má tètè jó. Ohùn tiwa, àtẹ̀gùn ni, ẹ wà lókè, ẹ wà láàárín, ẹ wà nísàlẹ̀, ẹ dúró síbẹ̀. Tiwọn, púpọ̀ nínú ẹ̀ ń yọ̀ lọ ni. Má ti Mandarin á bẹ̀rẹ̀ láàárín á gun òkè, bí ìgbà tẹ́nì kan pè yín látẹ̀yìn tẹ́ ẹ sì dáhùn pé "ẹ̀ẹ́n?". Mà á já láti òkè wá sílẹ̀ gbì. Ibẹ̀ lọmọ Yorùbá ti máa ń ṣubú, torí ó rí àmì ìsàlẹ̀ lórí mà, ó wá bẹ̀rẹ̀ látìsàlẹ̀. Ti Fiẹtnám sún mọ́ wa díẹ̀ níbi àmì yẹn, à wọn ń rìn nísàlẹ̀ lóòótọ́, á wọn sì ń lọ òkè, àmọ́ wọ́n tún fi ọ̀fun kún un. Ã ti àwọn ará Hanoi, ohùn á já láàárín bí ẹni tí nǹkan há lọ́fun, á tún gbéra. Ạ, ẹ sọ ọ́ nísàlẹ̀ kẹ́ ẹ sì gé e kúrú, bí ẹni gbé ẹrù wúwo kalẹ̀. Nặng ni wọ́n ń pe àmì yẹn, "wúwo" gan-an nìtumọ̀ ẹ̀.

Ṣé ohùn náà, wọ́n yá a ni?

Èyí lọ̀rọ̀ tó da àwọn ọ̀mọ̀wé gan-an láàmú. Khmer tó jẹ́ ẹbí Fiẹtnám ò ní ohùn títí dòní. Wọ́n wá ní ṣé Fiẹtnám kì í ṣe ẹbí Ṣáínà ní tòótọ́ ṣá? Ará Faransé kan, André-Georges Haudricourt, ló tú okùn yẹn ní 1954. Ó ṣàlàyé pé èdè Fiẹtnám láyé àtijọ́ ò ní ohùn, kọ́ńsónáǹtì ló wà níparí ọ̀rọ̀, nígbà tí àwọn kọ́ńsónáǹtì yẹn wá ń jẹrà kúrò lẹ́nu, ohùn ló kù ní ipò wọn. Ó kọ́kọ́ fún wọn ní mẹ́ta, nígbà tó yá tí àwọn lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà tún yí padà, mẹ́ta di mẹ́fà.

Tó bá ṣòro fún yín láti gbà, ẹ sọ "rí owó" kíákíá. Rówó. Í ti lọ, a ò rí i mọ́, àmọ́ ohùn òkè ẹ̀ ò bá a lọ, ó jókòó sórí o tí ò ní in tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe ohun kan náà ṣáká, àmọ́ ẹ ti rí i pé lẹ́tà lè kú kí ohùn ẹ̀ jogún ilé. Èdè Ṣáínà fúnra ẹ̀ gba irú ọ̀nà yẹn kọjá. Àwọn méjèèjì wà nítòsí ara wọn, wọ́n ń gbọ́ ẹnu ara wọn, ìyípadà wọn wá ń jọra, bí àwọn àyálégbé tó pẹ́ nínú ilé kan.

Ta ló fún wọn ní lẹ́tà tó jọ tiwa?

Ṣáínà ṣì ń lo àmì, ẹyọ àmì kan fún ẹyọ ọ̀rọ̀ tàbí ìdá ọ̀rọ̀, ẹni tó bá fẹ́ ka ìwé ìròyìn ní láti mọ nǹkan bí 3,000 ẹ̀. Ìjọba wọn mú àwọn àmì náà rọrùn ní 1956, ní 1958 wọ́n gba pinyin wọlé, lẹ́tà A B D tí mo ń fi kọ mā àti má láti àárọ̀ yìí, àmọ́ ìrànlọ́wọ́ lásán nìyẹn, fún ọmọ iléèwé àti fún títẹ fóònù.

Fiẹtnám náà fi àmì Ṣáínà kọ ìwé fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ tó jẹ́ tiwọn gan-an, wọ́n dá ọgbọ́n kan tí wọ́n pè ní chữ Nôm. Ẹ wo ba, ẹ̀ta: wọ́n mú àmì kan tí wọ́n ń pè ní ba, wọ́n lẹ àmì "mẹ́ta" ti Ṣáínà mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀kan sọ bẹ́ ẹ ṣe máa pè é, ìkejì sọ ohun tó jẹ́. Ó dùn lọ́gbọ́n, àmọ́ ìyà ni, torí ẹ ní láti mọ ìwé Ṣáínà ná kẹ́ ẹ tó lè ka èdè abínibí yín.

Àwọn míṣọ́nárì ló wá tún un ṣe. Fadà Potogí kan, Francisco de Pina, débẹ̀ ní 1617, òun pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi lẹ́tà Látìnì kọ ohun tí wọ́n ń gbọ́. Fadà mìíràn, Alexandre de Rhodes, wá tẹ ìwé atúmọ̀ èdè jáde ní Róòmù ní 1651. Fún bí igba ọdún ó lé, inú ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni lẹ́tà yẹn ń gbé. Nígbà tí Faransé gba ìlú, wọ́n tì í síwájú nítorí tiwọn, àwọn tó sì fẹ́ lé Faransé náà rí i pé ó rọrùn láti fi kọ́ mẹ̀kúnnù níwèé, àwọn náà gbé e. Ní 1945 tí Ho Chi Minh kéde òmìnira, ara ohun tó kọ́kọ́ pàṣẹ ni kí gbogbo èèyàn kọ́ ọ. Ẹ ò rí i pé ó jọ ti Àjàyí Crowther àti ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá ẹ̀ ti 1843? Míṣọ́nárì níbí, míṣọ́nárì lọ́hùn-ún, ohùn kan náà ló ń dà wọ́n láàmú, àmì ni wọ́n fi yanjú ẹ̀. Ìdí tí ẹ̀gbọ́n mi fi ro pé Yorùbá ló kọ páálí bàtà nìyẹn.

Àmọ́ ààmì kan náà, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kínní tó wà lábẹ́ ẹ tiwa, ó ń sọ pé ká la ẹnu sí i. Tiwọn, ohùn wúwo yẹn ni. E lásán tiwọn ló dà bí ẹ tiwa, tí wọ́n bá fẹ́ e tiwa, ê tó dé fìlà ni wọ́n ń kọ. Mẹ, ìyá ní Fiẹtnám: ọmọ Yorùbá tó bá kà á, á pe fáwẹ̀lì ẹ̀ gaan bó ṣe yẹ, oríire lásán sì ni!

Wọ́n tiẹ̀ wà nínú fóònù tẹ́ ẹ fi ń ka èyí. Lórí kọ̀ǹpútà gbogbo lẹ́tà ló ní nọ́ńbà tiẹ̀, ẹ àti ọ wa wà láàárín àwọn tí wọ́n tò fún Fiẹtnám. Tiwọn pé, ế ní nọ́ńbà, ộ ní nọ́ńbà. Tiwa, ẹ́ ò ní. Ẹ ni kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, kó tó wá mú àmì ohùn wá láti ibòmíì fi lé e lórí, ìdí nìyẹn tí àmì wa fi máa ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi fìlà ọ̀mùtí lórí fóònù kan.

Gírámà wọn, ta ló sún mọ́ wa?

Àwọn méjèèjì ò yí ọ̀rọ̀-ìṣe padà, bíi tiwa. Lánàá mo lọ, lọ́la mo máa lọ, "lọ" ò yí padà. Wọ́n tún ní àṣà kan tí àwa ò ní, pé tí wọ́n bá ń ka nǹkan, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ kékeré kan sáàárín tó ń sọ irú nǹkan tó jẹ́. Ológbò méjì ni liǎng zhī māo ní Mandarin, hai con mèo ní Fiẹtnám. Con yẹn wà fún ẹranko, àmọ́ wọ́n tún ń lò ó fún ọ̀bẹ àti odò, ẹ má bi mí pé kí ló dé.

Ibi tí wọ́n ti pínyà ni ẹ̀yìn àti iwájú. Ilé tí ààrẹ Amẹ́ríkà ń gbé ni Báigōng ní Mandarin, funfun-ààfin. Fiẹtnám ní Nhà Trắng, ilé funfun. Bá a ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn gẹ́lẹ́. Ìwé mi: sách của tôi, ìwé ló ṣáájú. Mandarin ní wǒ de shū, èmi ló ṣáájú. Nítorí náà tí ọmọ Yorùbá bá ń kọ́ Fiẹtnám, ibi tó máa to ọ̀rọ̀ sí ò ní ṣòro fún un.

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ náà dùn. Ní Ṣáínà, wǒ ni èmi, nǐ ni ìwọ, tó bá jẹ́ àgbà ẹ lè sọ ọ́ di nín, ó parí. Fiẹtnám, wàhálà dé. Wọn ò kàn ń pe ara wọn ní ìwọ àti èmi bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ni anh, ẹ̀gbọ́n obìnrin ni chị, àbúrò ni em, bàbá àgbà ni ông, ìyá àgbà ni bà, àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá àti ìyá ni bác. Àwa náà ń pe èèyàn ní bọ̀ọ̀dá àti àǹtí, àmọ́ àwọn pe ara wọn pẹ̀lú ẹ̀. Àbúrò ò ní sọ pé "mo ti jẹun", á ní "em ti jẹun", bí ẹni ní "àbúrò ti jẹun". Ìyàwó náà ni em, ọkọ ni anh. Ìdí tí wọ́n fi máa ń tètè béèrè ọjọ́ orí yín tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé nìyẹn, kì í ṣe àfojúdi, wọn ò tíì mọ ohun tí wọ́n máa pè yín ni, wọn ò sì mọ ohun tí wọ́n máa pe ara wọn.

Ṣé wọ́n lè gbọ́ ara wọn ṣá?

Wọn ò lè gbọ́ ara wọn. Àmọ́ nígbà kan rí, wọ́n lè kọ̀wé sí ara wọn. Ní 1905, ọmọ Fiẹtnám kan tó ń jẹ́ Phan Bội Châu, tó ń wá ọ̀nà láti lé Faransé nílùú wọn, wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Japan. Ní Yokohama ló ti lọ bá Liang Qichao, ọmọ Ṣáínà tó sá kúrò nílé torí ọ̀rọ̀ ìjọba. Èyí ò gbọ́ ti ìyẹn. Ni wọ́n bá mú bébà, wọ́n mú búrọ́ọ̀ṣì àti íǹkì, ẹni yìí á kọ àmì Ṣáínà, á tì í sọ́dọ̀ ẹnì kejì, ìyẹn á kà á, á kọ èsì. Wọ́n fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ òṣèlú.

Ìwé tí Phan kà láti kékeré ló jẹ́ kó ṣeé ṣe. Lónìí àwọn ọmọ Fiẹtnám ò ka àmì yẹn mọ́, tí wọ́n bá dé ẹnubodè tí wọ́n fẹ́ ra ọjà lọ́wọ́ ará Ṣáínà, fóònù ni wọ́n ń yọ síta, wọ́n á tẹ iye sí kakulétọ̀, wọ́n á gbé e sójú ara wọn.